Àwòrán bí a ṣe ń po ORS fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: kí ló dé tí àwọn ìyá fi ń kà á sódì?

Aṣàmì_Ògbómọ̀ṣọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 7:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwòrán ni mo ń fọwọ́ yà fún ògiri yàrá tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró de nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan. Ohun tí mo fẹ́ kó fi hàn ni bí a ṣe ń po ORS, oògùn lẹ́búlẹ́bú inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò wò ó ni kò kàwé, torí náà àwòrán ni yóò sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Pépà A3 ni mo lò. Àpótí mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀: ọwọ́ fífọ̀, ìgò omi, ọwọ́ tó ń da oògùn, ṣíbí tó ń rò ó, ọmọ tó ń mu ún, àti kọ́ọ̀bù tí mo fa X gàdàgbà lé lórí pé kí wọ́n da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Ọfà ni mo fi so àpótí kan mọ́ èkejì.

Mo fi han ìyá mẹ́rin. Méjì ní inú kọ́ọ̀bù ni a ó da odindi sáṣẹ́ẹ̀tì sí. Ẹnì kan wo àpótí kìíní, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkẹrin, ó wá padà gòkè. Ẹnì kan bi mí pé kí ni igi tó wà láàárín àwọn àpótí náà ń ṣe. Ní ti X, àwọn kan ní àmì ilé ìwòsàn ni. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà. A tún máa ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ ní kékeré, kí ìyá kọ̀ọ̀kan lè mú un lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (aago 8:15 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò. Kẹ́ ẹ tó tún pẹ́ńsùlù mú, ẹ yí sáṣẹ́ẹ̀tì náà padà, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 20.5, lítà omi kan ló wà fún. Àwọn kékeré náà wà tó jẹ́ pé mílílítà 200 péré ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tí ilé ìwòsàn yẹn ń pín fún àwọn ìyá ni kẹ́ ẹ yà.

Ọ̀rọ̀ inú kọ́ọ̀bù yẹn léwu gan-an. Bí omi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ ń mu, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ sí i, iyọ̀ á ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gìrì sì lè mú un. Bí omi bá sì pọ̀ jù, iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ò ní tó láti dá ohun tó ti bá ìgbẹ́ lọ padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àpótí tó ń sọ ìwọ̀n omi ni kẹ́ ẹ fi agbára yín sí jù.

Àwọn ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ yà sódì nìwọ̀nyí. Omi mímu tó mọ́ ni. Bí wọ́n bá sè é, kó tutù kí oògùn tó wọ inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti pò ó tán, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e kaná mọ́. Odindi sáṣẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dà lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í da ìdajì lónìí kí wọ́n da ìdajì lọ́la. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi mílíìkì pò ó, wọn ò gbọ́dọ̀ fi mínírà pò ó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣúgà kún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún méjì sókè á mu 100 sí 200. Tó bá bì í, kí ìyá rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọmú á ṣì máa mu ọmú. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù, ẹ po tuntun.

Oògùn síǹkì (zinc) náà ń bá a rìn: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí mílígíráàmù 10 tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (aago 9:02 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lórí pépà. Ó dá mi lójú pé ìgò yín kún àpótí tirẹ̀, kọ́ọ̀bù yín náà kún àpótí tirẹ̀, torí náà àwọn méjèèjì ga bákan náà. Ẹni tó ń wò ó ò ní ohun tó lè fi wọn ọ̀kan mọ́ èkejì. Bá a bá fún ayàwòrán ní àpótí, ó máa ń fẹ́ kún un ni, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń parọ́.

Ọwọ́ ni ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà nínú gbogbo àpótí, kó sì tóbi bákan náà níbi gbogbo. Tí ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4 lórí pépà, ike omi 50cl á ga tó 5, kọ́ọ̀bù á ga tó 2, sáṣẹ́ẹ̀tì á ju 2 lọ díẹ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan. Tí àpótí kọ́ọ̀bù bá wá ṣófo yíká, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfìfo yẹn gan-an ló ń sọ pé kọ́ọ̀bù kéré.

Èkejì: ẹ má ya ìgò ńlá kan pé òun ni lítà kan. Ike 50cl méjì ni kẹ́ ẹ yà, ọgbọọgba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí omi àwọn méjèèjì ń dà sínú abọ́ kan ṣoṣo. Òfin yìí ti pẹ́ láyé. Nínú iṣẹ́ Isotype, ìyẹn ọ̀nà fífi àmì àwòrán ṣàlàyé iye nǹkan, tí Otto Neurath bẹ̀rẹ̀ ní Vienna láàárín ọdún 1920 sí 1930, tí nǹkan bá pọ̀ sí i, àmì ni wọ́n máa ń fi kún àmì. Wọn kì í sọ àmì kan di ńlá. Ojú èèyàn mọ méjì yàtọ̀ sí ọ̀kan kíá, àmọ́ kò lè sọ bóyá ìgò kan fi ìlọ́po méjì ju ìkejì lọ. Marie Neurath, ìyàwó rẹ̀, bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́ lọ́nà yìí láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà Awólọ́wọ̀, lórí ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Wọ́n sì tún àwọn àmì wọn yà, kí aṣọ àti ilé inú rẹ̀ lè jọ tibí.

Ìyá_Ọjà_Ọjẹ́ (aago 9:31 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ní ike 50cl méjì nílé lọ́gànjọ́ òru tí ọmọ ń yàgbẹ́? Píọ̀ wọ́tà méjì ni kẹ́ ẹ yà. Gbogbo ilé ló ní in, wọ́n sì kọ 50cl sí i lára.

Olùwọ̀n (aago 10:10 àárọ̀)

Mà, mo gbà pé píọ̀ wọ́tà ló sún mọ́ ọwọ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe àtakò díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá lọ̀tọ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ lọ̀tọ̀. Ẹ da mẹ́ta láti ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ike tó ní àmì ìwọ̀n, ẹ ó rí i pé wọn ò dọ́gba. Ọ̀rá tún máa ń ya, omi á sì dà nù kó tó dénú abọ́. Lójú àwòrán pẹ̀lú, ọ̀rá omi ò ní etí tó dúró. Ó lè jọ ìrọ̀rí, ó lè jọ ọ̀rá iyọ̀. Ike ní ọrùn àti ìdérí, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí jù ni pé ohun èlò ọjà máa ń yí padà, àwòrán ò sì ní mọ̀. Ẹ rántí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n kọ́ wa láyé ọjọ́un: ṣíbí tíì iyọ̀ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́wàá, kó kún dé etí ṣíbí láìṣe òkìtì, ṣíbí onímílílítà 3, nínú mílílítà 600 omi. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n máa ń yà fún omi yẹn. Mínírà ìgbà náà jẹ́ 30cl. Nígbà tí ìgò mínírà di 35cl, ẹni tó bá tẹ̀ lé àwòrán àtijọ́ ti bu 700 láìmọ̀. Tó bá wá jẹ́ ike 50cl ló mú, ó ti di lítà kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò yí iyọ̀ àti ṣúgà padà.

Torí náà, ike 50cl ni kẹ́ ẹ yà, kẹ́ ẹ sì kọ "50" gàdàgbà sí ara rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé mọ nọ́ńbà, ó ń fi náwó lójoojúmọ́. Ẹ fa ìlà tó nípọn sí ibi tí omi dé nínú rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ọrùn ike.

Ìyá_Ọjà_Ọjẹ́ (aago 10:26 àárọ̀)

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣé wọ́n wá lè ya ike náà lófìfo, kẹ́ni tó ń bu omi láti inú garawa tàbí àmù mọ̀ pé òun ló máa fi wọ̀n ọ́n? Ẹlòmíràn á wò ó, á rò pé omi rírà nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (aago 10:40 àárọ̀)

Ẹ ṣeun, Mà. Èyí dára ju tèmi lọ. Ẹ ya ọwọ́ kan tó ń fi kọ́ọ̀bù bu omi láti inú àmù sínú ike. Ẹ ya ike tó kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tíṣà_Ìwé_Alẹ́ (aago 12:05 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọfà àti ìtò àpótí. Ẹni tó kàwé ni ojú rẹ̀ máa ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, kó wá padà sí òsì ní ìsàlẹ̀. Ìwé ló kọ́ ọ. Ẹni tí ìwé ò kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, níbi tí àwòrán ọmọ wà, torí ọmọ lohun tó mú un lọ́kàn jù. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ìlà méjì tí àpótí mẹ́ta mẹ́ta wà lórí rẹ̀ ni ẹ sọ di ìlà kan ṣoṣo, gbọọrọ, bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ lé ògiri. Kò ní sí ìbéèrè pé òkè ni tàbí ìsàlẹ̀.

Ọfà ńkọ́? Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Àmì ni ọfà, àmì kì í sì í dá ara rẹ̀ túmọ̀. Bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí ọ láyé àtijọ́, àfi tó o bá mọ̀ pé ẹfà àti "fà" bára tan lo fi máa mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí ọ. Ẹni tí wọn ò kọ́, owó ẹyọ mẹ́fà ló rí. Bí ọfà yín ṣe rí lójú ìyá yẹn nìyẹn: igi ló rí, igi ló sì pè é.

Ní ti X, tíṣà ló ń fà á sára iṣẹ́ tí ọmọ ilé ìwé kùnà. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé rí i bí igi méjì tó gbára lé ara wọn, ó sì rí ohun tó jọ ọ́ lára ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ wọn. Ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe: ọwọ́ obìnrin tó ń da omi abọ́ sílẹ̀, tí omi ń fọ́n sórí ilẹ̀.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (aago 12:48 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìlà kan àti ti X. Ti ọfà ni mi ò gbà tán. Ohun tó ba ọfà rẹ̀ jẹ́ ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi rán an lẹ́ẹ̀kan náà: "lọ sí àpótí tó kàn", "nǹkan yìí ń rìn", "wo ibí yìí". Tí ọfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra, ẹni tó tiẹ̀ kàwé pàápàá á dàrú.

Nǹkan tó ń rìn, ẹ ya nǹkan náà fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń jábọ́, ẹ fi tótòtó kéékèèké yà á láti ẹnu sáṣẹ́ẹ̀tì dé ojú omi. Ríro abọ́, ẹ má fi ọfà onígun róbótó yà á, okùn ni wọn yóò pè é. Abọ́ méjì ni kẹ́ ẹ yà nínú àpótí kan: nínú èyí àkọ́kọ́, tótòtó oògùn ṣì wà nísàlẹ̀ abọ́, ṣíbí wà nínú rẹ̀, nínú èkejì, omi ti mọ́ kedere débi tí a fi ń rí orí ṣíbí nínú rẹ̀. Ìyẹn sọ pé "rò ó títí yóò fi yọ́" láìsí ọ̀rọ̀ kan.

Ti "lọ sí àpótí tó kàn" nìkan ni mo máa fi sílẹ̀, kó jẹ́ ẹyọ kan, dúdú, kúkúrú, nísàlẹ̀ gbogbo ìlà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Tíṣà_Ìwé_Alẹ́ (aago 1:10 ọ̀sán)

Ẹ fi òkúta kéékèèké ka àpótí dípò rẹ̀. Òkúta kan lókè àpótí kìíní, méjì lókè èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Gbogbo ẹni tó ta ayò rí mọ bá a ṣe ń ka ọmọ ayò.

Olùtẹ̀wé_Ṣómólú (aago 3:22 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì lè bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Láti A3 sí A4, ìlà á dín kù sí 71%. Láti A3 sí A5, á di ìdajì. Torí náà ìlà tó nípọn tó mílímítà 0.3 á di 0.15, ẹ̀rọ tí tàdáwà rẹ̀ ti ń tán ò sì ní tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ fi 0.8 fa etí ohun ńlá (ọwọ́, abọ́, ike), ẹ fi 0.5 fa ohun inú rẹ̀ (èékánná, ìlà omi, ojú ọmọ). Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju 0.5 lọ. Báírò ò dáa fún iṣẹ́ yìí: ìlà rẹ̀ á nípọn níbì kan, á sá níbòmíràn, á sì máa ta sí ọwọ́. Ẹ lo kálàmù onítàdáwà tí omi ò lè fọ̀. Máakà lásán máa ń wọ inú pépà fọ́tókọ́pì, á sì fẹ̀ bí èpò, torí náà ẹ wá kádíbọ́ọ̀dù funfun tó dán, tàbí pépà tó nípọn.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó gbé kálàmù. Tí tàdáwà bá ti gorí rẹ̀, ẹ dúró kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi irésà nu ún. Ẹni tó bá kánjú á rí i tí ìlà dúdú yóò di eérú jákèjádò pépà.

Ẹ má fi pẹ́ńsùlù kun òjìji. Ẹ̀rọ ò mọ àárín dúdú àti funfun dáadáa, á sọ ọ́ di àpá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí aṣọ dúdú yàtọ̀ sí omi, ìlà wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fà sí i, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má dín sí mílímítà 2 lórí A3. Tó bá dín, ní ìdajì wọ́n á pàdé, gbogbo rẹ̀ á dúdú kirikiri.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ ṣọ́ àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. "Fọ ọwọ́" tí àmì rẹ̀ bá parẹ́ lójú ẹ̀rọ di "Fo owo". Owó ló ń sọ nìyẹn. Ẹ sọ ẹyọ tótó ìsàlẹ̀ náà di ìlà kúkúrú tó dúró gbọnrangandan, kó jìnnà sí lẹ́tà tó mílímítà 2, kó má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Kí lẹ́tà má kéré ju mílímítà 10 lọ lórí A3.

Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi yà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́: ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, kí oòrùn má ta sí i lójú, ẹ pa iná fóònù, kẹ́ ẹ sì na fóònù lókè rẹ̀ ganrínganrín. Tí fóònù bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àpótí tó wà lókè á kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo ìwọ̀n tí ẹ ti fi rúlà ṣe á bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (aago 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi àwọn àmì ewu kún un: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí kò lè mu nǹkan mọ́, ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ọmọ tó ń sùn tí kò fẹ́ jí. Ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (aago 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Mà, ẹ dárí jì mí, pépà kejì ni mo máa fi wọ́n sí. Àwòrán yìí ń sọ bá a ṣe ń po oògùn. Tó bá tún ń sọ ìgbà tí a ó sá lọ sílé ìwòsàn, ojú á máa fò láti ọ̀kan sí èkejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú tó jìn, nínú orí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, kò ṣeé yà. Ìlà méjì péré ló wà láàárín "ojú rẹ̀ jìn" àti "ó ń rẹ́rìn-ín". Ẹ lo awọ ikùn, tó máa ń pẹ́ kó tó padà tí omi bá ti tán lára ọmọ: àpótí kan, ìka méjì tó fún awọ ikùn ọmọ, àpótí tó tẹ̀ lé e, ìka ti kúrò, awọ ṣì dúró bí òkè kékeré. Ìyẹn á hàn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (aago 4:52 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà pé kó wà lọ́tọ̀, bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kan náà. Awọ ikùn yẹn tọ̀nà, tí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó padà. Ṣùgbọ́n síǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú ti pípò.

Adánwò (aago 6:18 ìrọ̀lẹ́)

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bá a ṣe ń dán an wò dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi han èèyàn, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé á ní ó yé òun, torí kò fẹ́ dójú tì yín. "Kí lẹ rí níbí?" ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, ní àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ dákẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wà ní ẹgbẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ á ti darí àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ gbé sáṣẹ́ẹ̀tì, ike méjì, abọ́, ṣíbí àti kọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ ní: "Ẹ ṣe bí àwòrán ṣe wí." Ohun tí ọwọ́ bá ṣe lẹ ó gbà gbọ́. Ẹni mẹ́fà ti tó lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹni méjì bá ka àpótí kan náà sódì, àpótí náà ló ní àṣìṣe. Ẹ tún un yà, kẹ́ ẹ sì fi han àwọn mẹ́fà mìíràn tí kò tíì rí i rí, torí ẹni tẹ́ ẹ ti ṣàlàyé fún ti mọ ìdáhùn.

Ohun kan tí àdánwò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń hú jáde: ọwọ́ tó dá dúró. Lójú ayàwòrán, ọwọ́ tó ti etí àpótí wọlé ni. Lójú ẹlòmíràn, ọwọ́ tí wọ́n gé ni, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹ ya obìnrin náà lódindi nínú àpótí kìíní, níbi tó ti ń fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ fi àdìrẹ oníko wọ̀ ọ́, kí batànì rẹ̀ hàn dáadáa. Nínú gbogbo àpótí tó kù, ẹ jẹ́ kí apá aṣọ náà bá ọwọ́ wọlé dé ìgúnpá. Batànì yẹn á máa sọ pé obìnrin kan náà ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (aago 7:47 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Pọtọ-Nófò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ mọ̀ pé ike lítà kan àbọ̀ wọ́pọ̀ níbí. Ìyá tó bá rí "ike" á mú èyí tó wà nílé, á pọn omi kún un. Nọ́ńbà 50 lára ike yẹn ló máa gbà wọ́n, ẹ má jẹ́ kó kéré rárá. Ẹni tó bá ní lítà kan àbọ̀ nìkan, ẹ pín gíga omi rẹ̀ sí mẹ́ta ọgbọọgba, kó pọn ọn dé ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Kò péye tó ike 50cl méjì, torí ìsàlẹ̀ ike ní kòtò àti òkè, nítorí náà kó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa fi máakà sàmì sí i.

Olùwọ̀n (aago 8:01 alẹ́)

Òótọ́ ni. Ẹ má ya ti lítà kan àbọ̀ sínú àwòrán náà. Ìwọ̀n méjì nínú àpótí kan, wọn á dà wọ́n pọ̀.

Tíṣà_Ìwé_Alẹ́ (aago 8:20 alẹ́)

Wákàtí 24 ṣì kù. Oòrùn àti òṣùpá nìkan kò tó. Ẹni tó bá rí oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá lè ní "tọ̀sán tòru ni kí ẹ máa fún un", ìyẹn ò sì burú, àmọ́ òun kọ́ là ń sọ. Ẹ pín àpótí yẹn sí mẹ́ta: abọ́ tí wọ́n dé, oòrùn ń yọ lẹ́yìn òrùlé, abọ́ kan náà, òṣùpá lókè òrùlé, ìyá àti ọmọ ti sùn, oòrùn tún yọ lẹ́yìn òrùlé kan náà, ọwọ́ aládìrẹ ń da omi abọ́ sílẹ̀. Òrùlé náà ò gbọ́dọ̀ yí padà. Òun ló ń sọ pé ibi kan náà ni, àkókò ló lọ.

Aṣàmì_Ògbómọ̀ṣọ́ (aago 9:34 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á san án fún yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo máa so A3 méjì pọ̀ ní ìbú, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 84, kó ga tó 29.7. Àpótí méje lórí ìlà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 11, àlàfo 1 láàárín wọn, òkúta kéékèèké lókè: (1) obìnrin aládìrẹ ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, (2) ó ń bu omi láti inú àmù sínú ike 50, èkejì ti kún, (3) omi ike méjèèjì ń dà sínú abọ́, (4) ó gé sáṣẹ́ẹ̀tì, tótòtó ń jábọ́, sáṣẹ́ẹ̀tì òfìfo ti wà nílẹ̀, (5) abọ́ méjì, ṣáájú àti lẹ́yìn ríro, (6) ọmọ ń mu ún láti ẹnu kọ́ọ̀bù, èyí tó ń mu ọmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, (7) òrùlé, oòrùn, òṣùpá, oòrùn. Ọwọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 níbi gbogbo. Àmì ewu wà lórí pépà ọ̀tọ̀. Mi ò tíì rí ibi tí síǹkì máa wà.

Ti ilé, màá sọ ọ́ di ìdajì. Á di 42 ní 14.85, ìyẹn A3 tí a là sí méjì gbọọrọ. Àwọn ìyá á ká a síwá sẹ́yìn. Ṣé kí n fi búlúù kun omi lórí ti ògiri?

Olùtẹ̀wé_Ṣómólú (aago 10:03 alẹ́)

Ẹ fi búlúù kùn ún, àmọ́ lórí ẹ̀dà ni, ẹ má kun ojúlówó. Ojúlówó gbọ́dọ̀ wà ní dúdú àti funfun fún fọ́tókọ́pì. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ fún ní àwọ̀, kí ojú lè máa tẹ̀ lé e láti àmù dé ẹnu ọmọ. Àdìrẹ náà, ẹ fi sílẹ̀ ní dúdú, kó má bàa jọ omi.

Ṣùgbọ́n àpótí méje yẹn ò ní ṣeé ṣe. Ẹ fi rúlà wò ó: méje tó fẹ̀ tó 11, pẹ̀lú àlàfo mẹ́fà, jẹ́ 83, ìdajì sẹ̀ǹtímítà ló kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpótí kẹrin á bẹ̀rẹ̀ ní 36.5, á parí ní 47.5. Ojú ibi tí ẹ ti so pépà wà ní 42. Àárín àpótí sáṣẹ́ẹ̀tì gan-an ló bọ́ sí, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì tí kò gbà ju A3 lọ á sì là á sí méjì. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ padà, ìlà dúdú kan á gba àárín ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ ṣe é ní àpótí mẹ́jọ, mẹ́rin lórí pépà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 9.5, àlàfo 1 láàárín wọn, ìdajì sẹ̀ǹtímítà ní etí méjèèjì. Ó jẹ́ 42 géérégé, ojú ìsopọ̀ sì bọ́ sí àlàfo. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ìdajì, A5 méjì ni, ẹ tò wọ́n sórí A3 kan, ó gba ti ìyá méjì. Síǹkì yín wá ní àyè. Ẹ fi sí ìkeje, lẹ́yìn kọ́ọ̀bù, kí òrùlé àti oòrùn gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì sọ fún yín bóyá oníhóró tàbí olómi ni wọ́n ń pín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Ní igun ìsàlẹ̀ pépà, ẹ kọ "sáṣẹ́ẹ̀tì lítà 1" àti oṣù tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ń kó ọjà tuntun wọlé lè mọ ìgbà tó yẹ kó já a kúrò lára ògiri.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (aago 10:15 alẹ́)

Oníhóró ni ẹ yà, tó ń yọ́ nínú ṣíbí pẹ̀lú omi díẹ̀ tàbí omi ọmú. Tó bá jẹ́ pé olómi ni wọ́n ń pín lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ síbí kí n tó sùn.